Ìlẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ọkọ̀ tí ó Wọ́, àti Omi Òjò tí ń Gba Ibẹ̀ Wọlé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró sí ẹ̀bá títì ní ọjọ́ ọjà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ìbáà ṣe ní ojú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta wọ Igbó-Ọrà, ìbáà ṣe ní èyí tí ó ti Ìbàdàn gba Ìdó kọjá wá sí Èrúwà, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ọkọ̀ tí a di àpò ẹ̀gúsí àti àpò gààrí sí títí tí ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi lè padé mọ́, tí awakọ̀ sì fi okùn so ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn náà mọ́ bọ́ńpà, tí ìlẹ̀kùn ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń já sí kòtò tí ó sì ń jáde níbẹ̀. Ìrìn àjò kan kì í ba ìlẹ̀kùn jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ẹrù ẹ̀gẹ́ ń tẹ̀lé ẹrù ata, tí okùn ń fa irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ní ojú kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò kó gbogbo ẹrù kúrò tán, tí a óò ti ìlẹ̀kùn, tí yóò sì kọ̀ láti bá ara ọkọ̀ dọ́gba: igun kan á ti wọlé, igun kejì á yọ síta, àlàfo tí ìka ọwọ́ lè gbà á sì wà láàárín irin àti rọ́bà. Ìlẹ̀kùn náà ti wọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ ni òjò ti ní ọ̀nà sínú ọkọ̀, nítorí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Èmi kò ka èyí sí ọ̀ràn awakọ̀ nìkan. Ọkọ̀ àlòkù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń wọ̀ lọ sí oko, tí a ń wọ̀ lọ sí ọjà, tí àwọn ọmọ wa sì ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Èrúwà àti èyí tí ó wà ní Igbó-Ọrà. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ni a sì sábà máa ń kó àwọn ọmọdé sí, níbi tí ohunkóhun tí ó bá gba ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn wọlé yóò ti kọ́kọ́ bá wọn. Kí Toyota Sienna àti Nissan Micra tó gba ojú ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́, Peugeot 504 ni olórí wọn, arẹrù-má-kùn, atẹ-kòtò-má-bẹ̀rù, ọkọ̀ tí ó kó ìyàwó lọ sí ilé ọkọ tí ó sì kó àgbà padà sí ilé baba rẹ̀ fún ìsìnkú. Ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní 1971 ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí a mọ̀ sí sitéṣọ̀n, tẹ̀lé e. Nígbà tí ó sì di 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tó bẹ́ẹ̀ tí 504 fi ń ti ibẹ̀ jáde títí kọjá ọdún 2000, nígbà tí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é ti dáwọ́ rẹ̀ dúró nílé.

Sitéṣọ̀n náà gùn ju 504 tí ó ní búùtù lásán lọ. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀, mítà 2.90 ni, ti èkejì jẹ́ mítà 2.74. Gígùn yìí ni àǹfààní rẹ̀, òun náà sì ni àléébù rẹ̀, nítorí pé ara ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu láti òrùlé dé ilẹ̀, tí kò sì ní irin kankan tí ó dábùú láàárín igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a máa lọ́ díẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ kan bá já sí kòtò nígbà tí èkejì wà lórí òkìtì. Micra, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ tí ó kún Ìbàdàn yìí ní Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1992, ẹnu ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ náà ni ó ní. Sienna, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ní 1997, tirẹ̀ tilẹ̀ fẹ̀ ju tiwọn lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn, àti pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó wá sí Áfíríkà. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dé ọwọ́ wa, oòrùn àti òtútù ibi tí ó ti wá ti jẹ rọ́bà rẹ̀ dé ìdajì. Àwa ni a óò sì wá fi ẹrù oko parí ìyókù.

Okùn nìkan kọ́ ni ẹlẹ́bi. Nínú àwọn ọkọ̀ bíi Micra àti Sienna, ọ̀pá méjì tí a fi afẹ́fẹ́ kún nínú, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ṣọ́ọ̀kì búùtù, ni ó máa ń gbé ìlẹ̀kùn náà dúró lókè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí afẹ́fẹ́ inú ọ̀kan bá ti tán, tí èkejì ṣì lágbára, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni a ń tì sókè nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i, ẹ̀gbẹ́ kejì a sì máa wọ́ tẹ̀lé e, títí irin yóò fi lọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó kíyè sí i. Àwọn kan á pààrọ̀ èyí tí ó kú nìkan, tuntun á sì máa bá ògbólógbòó jà. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ará Igbó-Ọrà láti lóye, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì: bí a bá rà fún Táíwò, a óò rà fún Kẹ́hìndé, ní ọjọ́ kan náà, irú kan náà.

Ìkọlù láti ẹ̀yìn tún wà, ìyẹn kò gba àlàyé. Ìpẹtà ni ó gbà á. Ní ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn náà ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ lu àwọn ihò kéékèèké sí, kí omi tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì bọ́ sí inú irin lè rí ibi jáde. Ẹrẹ̀ pupa ilẹ̀ wa a máa dí àwọn ihò náà pa. Omi a sì dúró síbẹ̀, a máa jẹ irin láti inú wá sí ìta, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá fi máa rí i tí ọ̀dà wú tí ó sì là, irin abẹ́ rẹ̀ ti di ohun tí a lè fi èékánná fọ́. Ìlẹ̀kùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rà kò ní agbára tí yóò fi dúró gbọn-in mọ́, ìwúwo gíláàsì nìkan sì tó láti mú un wọ́. Wáyà tínrín kan, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ni a nílò láti fi ṣí àwọn ihò náà. Inú mi kì í dùn rárá bí mo bá rí ọkọ̀ tí ohun kékeré tó báyìí ti pa.

Òjò ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, eruku ni ó sì ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bí ọkọ̀ ti ń sáré ni ó ń la afẹ́fẹ́ sí méjì, afẹ́fẹ́ náà kì í sì tètè padà pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an fi máa ń di ibi tí afẹ́fẹ́ ti dínkù, tí ó sì ń fa ohun gbogbo tí ó wà nítòsí mọ́ra: eruku tí táyà tú sókè, ìkùukùu omi ní ọjọ́ òjò, àti èéfín tí sàlẹ́ńsà ń tú jáde lábẹ́ ibẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn bá ti wọ́, ohun tí a fà mọ́ra yìí yóò kọjá sí inú.

Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Èéfín ọkọ̀ ní ohun kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í ta ojú, tí kì í sì í mú ni húkọ́. Bí a bá fà á sí imú, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ bí afẹ́fẹ́ rere tí a ń mí ti ń lẹ̀ mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò máa mí tí ọpọlọ rẹ̀ yóò sì máa ṣe aláìní. Orí fífọ́ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà òòyì, lẹ́yìn náà èébì, lẹ́yìn náà oorun. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí lára rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé, kí ó má ṣe pè é ní àárẹ̀ ọ̀nà. Kí ó ní kí awakọ̀ dúró, kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn wà. Ọmọ tí ó ti sùn lọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun, nítorí náà àgbà inú ọkọ̀ ni kí ó máa wò ó, nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ó bá sì di dandan pé kí a fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ṣíṣí lọ sí ibìkan, gíláàsì àwọn ìlẹ̀kùn iwájú ni kí a sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, kí atẹ́gùn lè máa ti iwájú wọlé, kí ó sì máa gbá èéfín jáde láti ẹ̀yìn.

Síbẹ̀ eruku tí ń yọ wá lẹ́nu yìí ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun jò ní oṣù kẹfà, oṣù kìíní ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gbẹ láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, láti Ìdèrè dé Ayétẹ̀, kí ó fi aṣọ tútù nu rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn náà àti irin tí ó ń bá a pàdé títí wọn yóò fi mọ́ tónítóní, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí ó ti ìlẹ̀kùn, kí ó wa ọkọ̀ gba ọ̀nà eléruku kan lọ sí oko kí ó sì padà, lẹ́yìn náà kí ó ṣí i pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Ibi tí rọ́bà bá ti di irin mú dáradára yóò mọ́ bí a ti fi í sílẹ̀. Ibi tí àlàfo bá wà, eruku pupa yóò ti fa ìlà láti ìta wọ inú, kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi ìka tọ̀ ọ́. Ẹ̀rùn ti fi ọ̀nà tí òjò yóò gbà hàn wá kí òjò tó mọ̀ pé ọ̀nà kan wà, awakọ̀ tí ó bá sì nu ìlà eruku yẹn kúrò láìwò ó ti nu ẹ̀rí nù.

Bí ó bá jẹ́ pé òjò ti dé bá wa kí a tó rántí, a kò tíì pẹ́ jù. Kí a gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí a fi í sí ẹnu ìlẹ̀kùn, kí a tì í, kí a sì fà á: bí ó bá fà le, rọ́bà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ihò ni. Kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ yí ẹnu náà ká, kí a sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó ti yọ. Tàbí kí ẹnì kan wọ inú ọkọ̀ lóru, kí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹlòmíràn máa gbé iná tọ́ọ̀ṣì yí i ká láti ìta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ sí ẹni tí ó wà nínú, ibẹ̀ ni omi náà yóò ti yọ. Omi gan-an ni kí a fi ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn, ṣùgbọ́n kí a má da korobá omi sí òrùlé kí a wá máa wá ibi tí ó ti ń kán, nítorí pé ibi tí omi ti kán sí inú ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti wọlé. Omi lè gba orí òrùlé wọ ẹsẹ̀ bọ́lùtù tí ó di ìgbẹ́rù mú, kí ó máa rìn lábẹ́ aṣọ òrùlé láìsí ẹni tí ó rí i, kí ó wá jáde ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì, kí a sì máa bú gíláàsì tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, díẹ̀díẹ̀, kí a máa gòkè: kọ́kọ́ sí ìdí iná ẹ̀yìn, tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ máa ń gbó tí a kì í sì í rántí, lẹ́yìn náà sí ẹnu ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, lẹ́yìn náà sí ibi tí wáyà iná gbà wọ inú ìlẹ̀kùn lókè, òrùlé ni kí ó kẹ́yìn. Bí omi bá ti yọ, kí a dúró síbẹ̀, a ti rí i. Kí a sì rántí gbé sípéà táyà kúrò nínú kòtò rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni omi àná àti ti ìjẹta máa ń farapamọ́ sí.

Awakọ̀ a máa dé ọ̀dọ̀ pánẹ́lì-bítà, a sì máa wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá, Ògún á gbè yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu búùtù yìí, èrò ń dúró dè mí ní gáréèjì." Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn pé, "Àṣẹ o. Mo lè fi gọ́ọ̀mù dí i fún ọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n yóò tún jò. Irin ni ó wọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ni gbogbo ohun tí mo ní í sọ: irin ni kí a kọ́kọ́ tò, kí rọ́bà tó tẹ̀lé irin, kí gọ́ọ̀mù tó tẹ̀lé rọ́bà, ẹni tí ó bá sì ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, yóò ná owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ó tó fọwọ́ kan òòlù, ọ̀gá yìí yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ìlẹ̀kùn ni ó wọ́ tàbí ara ọkọ̀. Okùn tí kì í nà ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Yóò ta okùn náà láti igun òkè ọ̀tún ẹnu ihò ẹ̀yìn dé igun ìsàlẹ̀ òsì, yóò sàmì sí i lára, yóò sì tún ta á láti igun òkè òsì dé igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Bí gígùn méjèèjì bá dọ́gba, ara ọkọ̀ pé, ìlẹ̀kùn ni kí a dojú kọ. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ara ọkọ̀ ni ó ti lọ́, àní bí a bá tilẹ̀ ra ìlẹ̀kùn tuntun, kò ní bá a mu. Ìyẹn iṣẹ́ ńlá ni, tí ó ń fẹ́ ẹ̀wọ̀n àti jáàkì, tí ó sì tọ́ kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ jókòó ṣírò bóyá ọkọ̀ náà tó o.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn tí kò padé ni irin rẹ̀ wọ́. Ìdè rẹ̀ lókè lè ti yẹ̀. Kí a fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí ìdè náà ká kí a tó tú bọ́lùtù rẹ̀ díẹ̀, kí a lè mọ ibi tí a ti kúrò bí a bá ṣìnà. Kí a sún ìlẹ̀kùn náà ní ìwọ̀n bébà méjì mẹ́ta, kí a dè é, kí a tì í, kí a sì wò ó. Ìkọ́ tí àgádágodo rẹ̀ ń gbá mú nísàlẹ̀ náà ṣeé sún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn rọ́bà kéékèèké tí ó wà ní igun méjèèjì, tí ìlẹ̀kùn ń fi ara tì, ṣeé yí wọlé tàbí síta. Mo ti rí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti fẹ́ ki iná bọ̀, tí ó jẹ́ pé sìpánà kan péré ni ó wò ó sàn.

Bí gbogbo èyí kò bá mú un dọ́gba, irin ni ó wọ́ lóòótọ́. Gíláàsì ni kí a kọ́kọ́ yọ, ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti yọ ọ́ yóò kó o pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ jẹ́ ìpele méjì tí a fi ọ̀rá líle kan lẹ̀ pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá là kì í tú. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn, ìpele kan ṣoṣo ni, tí a mú gbóná gan-an tí a sì fi afẹ́fẹ́ mú tutù lójijì, kí ojú rẹ̀ lè le. Ó lè gba ìkúùkù lójú kí ó má mira. Bí irin bá fún un létí, yóò fọ́ yángá di ọkà wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́, kí a fi aṣọ wé ègé igi kan, kí a fi í há igun tí ó ń kọ́kọ́ kan ara ọkọ̀, kí ẹnì kan sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun tí ó yọ síta, níwọ̀nba, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí a yọ igi, kí a tì í, kí a wò ó. Irin a máa padà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà a óò tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí a fẹ́ díẹ̀, kí ó lè padà sí ibi tí a fẹ́. Kánjúkánjú kò sí nínú iṣẹ́ yìí: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lẹ́yìn èyí ni òòlù yóò tó dé, pẹ̀lú irin tí a gbá mú lábẹ́ láti gba ìlù, láti fi tẹ́ ètí tí ó ká.

Iná gáàsì ni kí a bẹ̀rù. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a bá mú gbóná yóò wú, nígbà tí ó bá sì tutù yóò sún kì ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá tí ó mọ̀ ọ́n a máa lo èyí fún rere: yóò mú ojú kan tí kò ju kọ́bọ̀ lọ pọ́n, yóò fi aṣọ tútù kàn án, ibi tí ó wú á sì wọlé padà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa fi iná gbálẹ̀ lórí irin láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlẹ̀kùn tí ó wọ́ lójú kan yóò sì di èyí tí ó wọ́ lójú mẹ́wàá. Bí jórinjórin yóò bá sì fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì jó ibì kan pọ̀, kí a tú orí bátìrì, kí a ká gbogbo aṣọ àti fóòmù ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò, kí a sì gbé korobá omi àti iyanrìn sí tòsí, nítorí pé abẹ́ ibẹ̀ ni táǹkì epo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà.

Nígbà tí irin bá ti dọ́gba ni kí a tó máa sọ̀rọ̀ gíláàsì àti rọ́bà. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bíi sitéṣọ̀n 504, rọ́bà nípọn kan ni ó di gíláàsì mú yíká, ìmọ̀ àwọn àgbà oníṣẹ́ nípa bí a ṣe ń fi í sí sì jẹ́ ohun tí ó dùn ún wò. Wọn yóò wọ rọ́bà náà fún gíláàsì lórí tábìlì, wọn yóò fi okùn líle wé inú ibi kòtò rọ́bà tí yóò di etí irin mú, tí orí okùn méjèèjì yóò pàdé nísàlẹ̀ láàárín. Wọn yóò fi omi ọṣẹ pa á kí ó lè yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò gbé gíláàsì lé ojú ihò láti ìta, tí yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọra lù ú, tí ọ̀gá yóò sì jókòó sínú ọkọ̀, tí yóò máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀ yíká, tí ètè rọ́bà yóò sì máa ta kọjá etí irin wọlé bí okùn ti ń jáde. Bí okùn bá ti jáde tán, gíláàsì ti jókòó. Rọ́bà tí ó ti gbẹ, tí ó ti là, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó rí dúdú tó lẹ́yìn tí a bá fi epo pa á. Rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn náà sì nìyí: bí a bá ra tuntun, kí a jẹ́ kí ibi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé wà nísàlẹ̀ láàárín, kí ó má ṣe wà lókè níbi tí omi yóò ti máa dúró lé e.

Nínú Sienna àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà ìkẹyìn yìí, gọ́ọ̀mù dúdú líle ni ó lẹ gíláàsì mọ́ irin. Gọ́ọ̀mù tí a ṣe fún gíláàsì ọkọ̀ ni kí a lò, kí a fi í lé irin mímọ́ tí ó gbẹ, kí a má sì wa ọkọ̀ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kí a ṣí gíláàsì ìlẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, nítorí pé bí a bá pa ìlẹ̀kùn dé gbàmù nígbà tí gbogbo ọkọ̀ dí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò ti gíláàsì tí kò tíì mú.

Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn gọ́ọ̀mù sílíkónì tí a ń tà lọ́jà, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì yá. Èyí tí òórùn rẹ̀ ń kan ni imú bí ọtí kíkan ni ó burú jù lára ọkọ̀: ohun kíkan tí ó ń jáde lára rẹ̀ bí ó ti ń gbẹ a máa jẹ irin, tí ó fi jẹ́ pé lábẹ́ ibi tí a rò pé a ti dí ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì ti kan irin rí, ọ̀dà kì í fẹ́ mú níbẹ̀ mọ́, gọ́ọ̀mù gidi pàápàá kì í fẹ́ lẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ibi tí ìpẹtà bá ti wà, kí a fi sánpépà ha á títí irin yóò fi funfun, kí a fi ọ̀dà adènà-ìpẹtà kùn ún, kí ó gbẹ, kí ọ̀dà ọkọ̀ tó gùn ún. Kí a má fi fílà dí ihò tí ìpẹtà jẹ, nítorí pé fílà a máa mu omi sára, a sì máa gbé omi náà ti irin lára. Ibi tí ó bá ti jẹ tán, kí a gé e kúrò, kí a jó irin tuntun sí i.

Bí ìlẹ̀kùn náà bá ti bàjẹ́ kọjá èyí, kí olówó ọkọ̀ lọ wá tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Àgódì Géètì ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má sanwó kí ó tó fi okùn wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, kí ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú, kí ó sì gba ìdè tí ó bá a wá.

Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, kí a tún da omi, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kan sì wà nínú. Kí a fi páúdà díẹ̀ pa rọ́bà tuntun kí ó má lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tí kò tíì le. Kí a má sì tètè dá aṣọ ilẹ̀ ọkọ̀ padà, nítorí pé fóòmù abẹ́ rẹ̀ a máa gbé omi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tí òkè rẹ̀ ti gbẹ, irin ilẹ̀ ọkọ̀ a sì máa jẹ lábẹ́ rẹ̀. Oòrùn ni kí a sá a sí, kí a máa yí i padà, títí ọwọ́ tí a bá fi tẹ̀ ẹ́ kò fi ní bá omi níbẹ̀ mọ́.